ṢÉ KÍ A YỌ IRIN INÚ EEGUN NI, TÀBÍ KÍ A JẸ́ KÍ Ó WÀ NÍBẸ̀?

Àlàyé fún àwọn tí a ti fi irin to eegun wọn, àti fún àwọn ará ilé wọn

Ní àgbègbè Kòsọ́fẹ́, láti Kétu títí dé Máìlì 12 àti Ìkòsì, kò ṣòro láti rí ọkùnrin tàbí obìnrin tí irin ń gbé inú ara rẹ̀. Òmíràn nínú wọn jẹ́ awakọ̀ dánfó, òmíràn jẹ́ alágbàárù tí ń ru apẹ̀rẹ̀ tòmátì lọ́jà, òmíràn sì jẹ́ ìyá àgbà tí ó yọ̀ ṣubú ní ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀. Eegun ẹsẹ̀ tàbí ti apá wọn ti ṣẹ́ rí. Àwọn oníṣègùn ilé ìwòsàn sì fi irin dè é pọ̀ kí ó lè jinná. Nísinsìnyí, ọgbẹ́ ti di àpá, olúkúlùkù sì ti padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù tí kì í jẹ́ kí ọkàn ọ̀pọ̀ wọn balẹ̀: Ṣé kí a yọ irin yìí ni, tàbí kí a jẹ́ kí ó wà níbẹ̀?

Ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó bá yọ irin tí kò yẹ ní yíyọ lè tún eegun náà ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí ó bá sì fi irin tí ó yẹ ní yíyọ sílẹ̀ lè pàdánù ẹsẹ̀ tí ó rò pé òun ti gbà là. Nítorí náà ni a ṣe kọ àlàyé yìí, kí ẹni tí ó mọ̀wé lè kà á fún ara rẹ̀, kí ó sì kà á sétí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà. Kókó ọ̀rọ̀ wa kò ju èyí lọ: kì í ṣe iye ọdún tí irin ti lò nínú ara ni a fi ń pinnu yíyọ rẹ̀, ìdí ni a fi ń pinnu rẹ̀. Bí ìdí bá wà, kí a má ṣe fi falẹ̀. Bí kò bá sí ìdí, irin náà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè.

BÍ IRIN ṢE DÉ INÚ EEGUN

Láti ayébáyé ni àwọn baba wa ti ń fi igi pẹlẹbẹ àti aṣọ di eegun tí ó bá ṣẹ́. Nígbà tí ilé ìwòsàn dé, ẹfun líle tí a ń pè ní P.O.P. ni a fi ń dè é. Ọ̀nà méjèèjì yìí a máa mú kí aláìsàn dùbúlẹ̀ pẹ́ títí, bí eegun itan bá sì ni ó ṣẹ́, ó lè dùbúlẹ̀ fún oṣù mélòó kan, ẹsẹ̀ náà sì lè kúrú tàbí kí ó wọ́.

Ní ọdún 1939, ní ìlú Kiel ní ilẹ̀ Jámánì, dókítà kan tí ń jẹ́ Gerhard Küntscher ti ọ̀pá irin gígùn bọ inú ihò tí mùdùnmúdùn ń gbé nínú eegun itan. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí àwọn ọmọ ogun tí àwọn ará Jámánì ti mú ní ìgbèkùn padà sí ìlú wọn, ẹnu ya àwọn dókítà tí ó yẹ̀ wọ́n wò, nítorí pé nínú àwòrán X-ray ni wọ́n ti rí ọ̀pá irin nínú itan ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Báyìí ni ìmọ̀ náà ṣe tàn ká. Ní ọdún 1958, àwọn dókítà kan ní ilẹ̀ Switzerland kó ara wọn jọ láti fi ìlànà lélẹ̀ lórí bí ó ṣe yẹ kí a máa fi irin pẹlẹbẹ àti ìṣó to eegun. Ní ọdún 1999, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Lewis Zirkle, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní SIGN, tí ń ṣe ọ̀pá irin fún àwọn ilé ìwòsàn ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ sì ti wọ ara ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà.

Ní ti ilẹ̀ wa, ogun kan náà ni ó bí ilé ìwòsàn eegun tí ó wà ní Ìgbóbì. Fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́ ni a kọ́kọ́ ṣe ibẹ̀, ó sì di ilé ìwòsàn eegun ní ọdún 1945. Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ní Kétu, tí ó gba òpópónà Ìkòròdú kọjá Ọ̀jọ́ta, Maryland àti Onípanu, kò ní pẹ́ kí ó tó débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ará àgbègbè wa ni ó ti gba ọ̀nà yìí, tí ó fi ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́ lọ, tí ó sì fi irin bọ̀. Ìjàm̀bá ọ̀kadà ni ó kó púpọ̀ nínú wọn lọ. Òótọ́ ni pé Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà ní Kòsọ́fẹ́ láti ọjọ́ 1, oṣù kẹsàn-án, ọdún 2022. Ṣùgbọ́n irin tí ó ti wọ inú ẹsẹ̀ ṣáájú ọjọ́ náà kò gbọ́ òfin, kò sì jáde.

IṢẸ́ TÍ IRIN NÁÀ Ń ṢE

Orí mẹ́rin ni a lè pín irin wọ̀nyí sí. Èkíní ni irin pẹlẹbẹ tí a tẹ́ sí ara eegun. Èkejì ni àwọn ìṣó wẹ́wẹ́ tí a ń yí wọlé, bí irú èyí tí káfíńtà ń lò, tí wọ́n ń di irin pẹlẹbẹ náà mú. Ẹ̀kẹta ni ọ̀pá irin gígùn tí ó wọ inú ihò eegun. Ẹ̀kẹrin ni wáyà tẹ́ẹ́rẹ́, tí a sábà máa ń lò fún ọwọ́ àti ìka, àti fún àwọn ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí ó yé wa pé irin kì í jinná, eegun ni ó ń jinná. Iṣẹ́ irin kò ju pé kí ó di eegun mú bí ó ti yẹ, títí eegun yóò fi so pọ̀. Ó dà bí igi tí àwọn bíríkìlà fi ń gbé dẹ́kì ró nígbà tí kọnkéré ṣì tutù. Bí ẹnìkan bá yọ igi náà kí kọnkéré tó le, dẹ́kì yóò wó. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti le, igi kò ní iṣẹ́ mọ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé igi bíríkìlà kò ṣòro láti yọ, ṣùgbọ́n irin inú eegun kò ṣe é yọ láìtún ara là.

A kò gbọdọ̀ fi irin yìí wé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ ti ìfètò-sọ́mọ-bíbí tí àwọn nọ́ọ̀sì ń fi sábẹ́ awọ apá obìnrin. Èyíinì ní ọjọ́ tirẹ̀ tí a ti kọ sílẹ̀: ọdún 3 fún èyí tí a ń pè ní Implanon, ọdún 5 fún Jadelle, bí ọjọ́ náà bá sì pé, obìnrin náà ní láti padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì kí a yọ ọ́. Irin inú eegun kò ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti gbé e títí di ọjọ́ ogbó.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ A Ń GBỌ́ LẸ́NU ÈNÌYÀN

Àwọn kan a máa sọ pé irin yóò dípẹtà nínú ara, pé ìpẹtà náà yóò sì ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Irin tí àwọn dókítà ń lò kì í ṣe irú irin tí a fi ń rọ àdá àti ọkọ́. A ti po ohun mìíràn mọ́ ọn tí kì í jẹ́ kí ó dípẹtà, bí ti ṣíbí dídán tí a ń fọ̀ lójoojúmọ́ tí kò sì yí àwọ̀ padà. Òmíràn sì jẹ́ titanium, tí ó fúyẹ́ tí ó sì bá ara ènìyàn mu dáadáa.

Àwọn mìíràn a máa sọ pé ẹ̀rọ tí ń yẹ ènìyàn wò ní pápákọ̀ òfuurufú yóò pariwo, a ó sì mú wọn bí olè. Ẹ̀rọ náà lè dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ẹni náà sọ ohun tí ó wà lára rẹ̀ fún òṣìṣẹ́, kí ó sì mú ìwé dókítà lọ́wọ́ bí ó bá ní i. Èyí kò tó ìdí láti fi ara là. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni, bí a bá fẹ́ fi ẹ̀rọ ńlá tí a ń pè ní MRI wo ara rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ sọ fún òṣìṣẹ́ ẹ̀rọ pé irin wà lára òun. Púpọ̀ nínú irin eegun kò ní kí a má lo ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ni ó gbọdọ̀ wádìí kí ó tó gbà.

Àwọn ẹlòmíràn ẹ̀wẹ̀ a máa sọ pé nígbà ọyẹ́ àti nígbà òjò, ojú ibi tí irin wà a máa ro wọ́n. A kò lè pe ẹni tí ara ń ro ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni irin ni ó ń dá ìrora náà sílẹ̀. Oríkèé tí ó ti le, iṣan tí ó ti rọ nítorí pé a kò lò ó fún ìgbà pípẹ́, tàbí ọgbẹ́ àtijọ́ tí ó fara pa pẹ̀lú eegun, gbogbo wọn ni ó lè dá ìrora sílẹ̀. Bí irin kò bá jẹ́ orísun ìrora, yíyọ rẹ̀ kò lè mú ìrora náà lọ.

ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A YỌ Ọ́

Àwọn ìdí wọ̀nyí ni ó tó láti mú kí dókítà sọ pé kí a yọ irin.

Èkíní, bí àrùn bá wọ ibẹ̀. Àmì rẹ̀ ni pé ojú ibẹ̀ yóò máa wú, yóò máa gbóná, yóò máa pọ́n, tàbí kí ihò kékeré kan ṣí níbẹ̀ tí ọyún tàbí omi ń jáde láti inú rẹ̀. Ibà lè bá a rìn. Ẹni tí ó bá rí èyí kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ ọjà tàbí òpin oṣù. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Àrùn a máa fara pamọ́ sí ara irin níbi tí oògùn kò ti lè tètè bá a, ó sì lè jẹ eegun run. Síbẹ̀, bí eegun kò bá tíì so pọ̀, dókítà lè fi irin náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ó máa fi oògùn ti àrùn náà sẹ́yìn. Iṣẹ́ dókítà ni láti wọn èyí.

Èkejì, bí irin bá yọ orí sí abẹ́ awọ. Èyí wọ́pọ̀ ní ọrùn ẹsẹ̀, ní ìgbọ̀nwọ́, àti ní eegun èjìká, níbi tí ẹran ara kò ti pọ̀. Bàtà a máa gún un, ènìyàn kò sì ní lè gbé ẹrù lé èjìká.

Ẹ̀kẹta, bí irin bá ṣẹ́ tàbí tí ìṣó bá tú. Irin tí ó ṣẹ́ sábà máa ń sọ fún wa pé eegun kò tíì so pọ̀, tí irin nìkan sì ti ń gbé ẹrù náà títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Yíyọ nìkan kò tó nínú irú ọ̀ràn yìí. Eegun náà gan-an ni a ó tún to.

Ẹ̀kẹrin, bí ó bá jẹ́ ọmọdé. Eegun ọmọdé ń dàgbà, ó sì lè dàgbà bo irin mọ́lẹ̀ tàbí kí irin dí ìdàgbàsókè rẹ̀ lọ́wọ́. Wáyà inú ìgbọ̀nwọ́ ọmọdé, ọ̀sẹ̀ 3 sí 6 ni a sábà máa ń yọ ọ́. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ inú itan ọmọdé, a sábà máa ń yọ ọ́ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Kí àwọn òbí má ṣe jẹ́ kí ọjọ́ tí dókítà dá kọjá.

Ẹ̀karùn-ún, bí a bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ mìíràn ní ojú kan náà, bí irú ẹni tí oríkèé itan rẹ̀ ti bàjẹ́ tí a fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ YÍYỌ RẸ̀

Ọ̀pọ̀ ń rò pé bí ó ti rọrùn láti fi irin sí, bẹ́ẹ̀ ni yóò rọrùn láti yọ ọ́. Nígbà mìíràn, yíyọ a máa le ju fífi sí lọ. Àpá ti bo ibẹ̀, eegun ti hù yí irin ká, orí ìṣó lè bó, ìṣó sì lè ṣẹ́ sínú eegun. Ó ti ṣẹlẹ̀ pé kí dókítà fi ẹyọ kan sílẹ̀ nítorí pé wíwá a kiri yóò ba eegun jẹ́ ju fífi í sílẹ̀ lọ.

Ewu kejì ni ti àwọn iṣan tí ń jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mọ ohun tí ó kàn wọ́n, kí wọ́n sì lè yí padà. Ní apá òkè, iṣan ńlá kan wà tí ó yí eegun ká. Bí ọ̀bẹ bá kàn án nígbà tí a ń yọ irin, ọrùn ọwọ́ lè rọ̀ wálẹ̀, kí ẹni náà má sì lè gbé e sókè mọ́.

Ewu kẹta ni pé eegun lè tún ṣẹ́. Nígbà tí irin pẹlẹbẹ ti ń gbé ẹrù fún ọdún mélòó kan, eegun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ a máa fúyẹ́ díẹ̀. Bí a bá sì yọ ìṣó, ihò rẹ̀ yóò kù, ibi tí ihò bá sì wà ni ọ̀pá ti ń dá. Eegun apá ìsàlẹ̀ ni èyí ti wọ́pọ̀ jù.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, oògùn oorun àti ẹ̀jẹ̀ dídà kò yàtọ̀ nínú iṣẹ́ abẹ yìí sí ti èyíkéyìí mìíràn. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí àrùn foníkú-fọ̀ladìde sọ ọ́ fún dókítà kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé. Kí ẹni tí ń mu sìgá sì dá a dúró, nítorí pé èéfín rẹ̀ kì í jẹ́ kí eegun àti ọgbẹ́ tètè jinná.

ÀKÓKÒ TÍ Ó YẸ

A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Bí a bá tilẹ̀ ní ìdí láti yọ irin lára àgbàlagbà, àwọn oníṣègùn eegun sábà máa ń dúró tó ọdún kan àti ààbọ̀ kí wọ́n tó yọ irin pẹlẹbẹ, àti ọdún kan àti ààbọ̀ sí ọdún méjì kí wọ́n tó yọ ọ̀pá inú itan tàbí ojúgun. Àrùn àti irin tí ó ṣẹ́ nìkan ni ó lè mú kí wọ́n yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ẹni náà ń rìn láìtiro ni ẹ̀rí pé eegun ti so. Àwòrán X-ray tuntun ni ẹ̀rí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ irin lára yín láìkọ́kọ́ ya àwòrán yìí.

Bí ojú ibi tí eegun ti ṣẹ́ bá ṣì ń dun ènìyàn nígbà tí ó bá tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan, ó lè jẹ́ pé eegun náà kò tíì so rárá. Irin tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń bú gan-an ni ó ń gbé e dúró.

ÀPẸẸRẸ MẸ́TA

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ mẹ́ta la ọ̀rọ̀ náà yéra wa; a kò fi ẹnìkan pàtó ṣe é.

Ká ní awakọ̀ kan ní Kétu ní ọ̀pá irin nínú itan fún ọdún mẹ́jọ. Kò dùn ún, kò wú, ó ń tẹ bíréèkì láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá sọ fún un pé irin kì í pẹ́ lára. Ìdí wo ni awakọ̀ yìí ní? Kò ní ìkankan. Bí ó bá lọ yọ ọ́, yóò ná owó, yóò jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kò sì ní gba ohunkóhun dípò rẹ̀ tí kò ti ní tẹ́lẹ̀. Kí ó jẹ́ kí irin rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ká ní ìyá kan ń ta ata ní Máìlì 12, irin pẹlẹbẹ wà ní ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ọdún méjì, ìṣó méjì sì yọ orí sábẹ́ awọ tí kò fi lè wọ bàtà, tí ó sì ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú ẹrẹ̀ ọjà. Ìyá yìí ní ìdí. Ṣùgbọ́n kí ó yan àkókò tí yóò fi ráyè sinmi, kí ó wá ẹni tí yóò dúró sí ìsọ̀ rẹ̀, kí ó sì fi owó oúnjẹ ọjọ́ ìsinmi kún owó ilé ìwòsàn nígbà tí ó bá ń ṣírò. Bí ó bá ti forúkọ sílẹ̀ nínú ètò adójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Èkó tí a ń pè ní Ìlera Èkó, kí ó béèrè ní ibi tí ó ti forúkọ sílẹ̀ bóyá ètò náà yóò gbé lára owó náà.

Ká ní alágbàárù kan ni ẹ̀kẹta. Lọ́dọọdún, ihò kékeré kan a máa ṣí ní ojúgun rẹ̀, omi a máa jáde díẹ̀, yóò sì tún pa dé. Ó ń fi aṣọ dì í, ó ń ru ẹrù lọ. Nítorí pé kò dùn ún púpọ̀, ó rò pé kò sí nǹkan. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni ó wà nínú ewu jù. Ihò tí ó ń ṣí tí ó ń pa dé kò tíì jinná. Àrùn ni ó ń gbé inú eegun. Òun ni kí ó fi ẹrù sílẹ̀ lónìí, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. A kò kẹ́gàn àwọn bàbá wa tí ń to eegun. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ti wò sàn. Ṣùgbọ́n ibi tí irin bá wà kì í ṣe ibi tí a ń fi agbára wọ́, tí a ń sín gbẹ́rẹ́ sí, tàbí tí a ń da àgbo lé nígbà tí ọyún bá ń jáde. Bákan náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà kí oníṣòwò oògùn tàbí ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ abẹ eegun ṣe ìlérí pé òun yóò yọ irin náà ní owó pọ́ọ́kú.

Ẹ̀TỌ́ YÍN NÍWÁJÚ DÓKÍTÀ

Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ti ọdún 2014, sọ ọ́ ní abala 23 pé òṣìṣẹ́ ìlera gbọdọ̀ ṣàlàyé fún aláìsàn bí ara rẹ̀ ti rí, oríṣìí ìtọ́jú tí ó wà, àǹfààní, ewu àti iye owó ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti pé aláìsàn ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò fẹ́. Òfin náà tún sọ pé, bí ó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí aláìsàn gbọ́ ni kí a fi ṣàlàyé fún un. Nítorí náà, kì í ṣe àfojúdi bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ dókítà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bi í nìyí:

1. Ǹjẹ́ eegun mi ti so pọ̀ nínú àwòrán tuntun yìí?
2. Ṣé irin ni ó ń fa ìrora mi, tàbí ohun mìíràn?
3. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ bí mo bá fi í sílẹ̀?
4. Ewu wo ni ó wà nínú yíyọ rẹ̀ ní ojú ibi tí ó wà yìí?
5. Irú irin wo ni, ilé ìwòsàn yìí ha ní irinṣẹ́ tí a fi ń yọ ọ́?
6. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni n kò ní lè ṣiṣẹ́, èló sì ni gbogbo rẹ̀?

Ìbéèrè karùn-ún ṣe pàtàkì ju bí ó ti rí lójú lọ. Orí ìṣó kò rí bákan náà. Bí kọ́kọ́rọ́ ilé kan kò ti ṣí ilé kejì, bẹ́ẹ̀ ni irinṣẹ́ irin kan kò yọ òmíràn. Nítorí èyí, kí olúkúlùkù tí a fi irin sí lára tọ́jú káàdì ilé ìwòsàn rẹ̀ àti àwòrán X-ray rẹ̀ bí ẹni ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ti sọnù, kí ó padà sí ilé ìwòsàn tí ó ti ṣe iṣẹ́ náà kí ó béèrè. Ẹni tí ibẹ̀ bá sì ti jìnnà sí, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn ìjọba tí ó sún mọ́ ọn, irú èyí tí ó wà ní Gbàgádà, kí wọ́n tọ́ ọ sọ́nà.

LẸ́YÌN TÍ A BÁ YỌ Ọ́

Yíyọ irin kọ́ ni òpin iṣẹ́. Nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 ni a sábà máa ń yọ òwú tí a fi rán awọ. Kí ọgbẹ́ wà ní mímọ́, kí ó sì gbẹ títí di ìgbà náà. Dókítà lè gbà kí aláìsàn tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ láìpẹ́, ó sì lè fún un ní ọ̀pá ìtilẹ̀. Ohun tí ó bá sọ ni kí a ṣe. Ṣùgbọ́n àwọn ihò ìṣó kò tíì dí. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó kéré tán, kí ó má ṣe ru ẹrù. Ó sì lè tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin kí eegun tó lágbára fún bọ́ọ̀lù, eré sísá, àti àpò iṣu. Ọ̀pọ̀ eegun tí ó tún ṣẹ́ lẹ́yìn yíyọ irin, láàárín oṣù wọ̀nyí ni ó ṣẹ́, nígbà tí ẹni náà ti rò pé òun ti bọ́.

Ẹ̀yin ará ilé aláìsàn, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín pẹ̀lú. Ó dára kí ẹ jókòó ti ẹni yín, kí ẹ bá a lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì bá a gbọ́ àlàyé, nítorí etí méjì sàn ju ọ̀kan lọ níbi tí ọkàn ẹnìkan bá ti dàrú. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìbẹ̀rù tàbí àgbọ́sọ tì í lọ sábẹ́ ọ̀bẹ, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má sì ṣe fi ọ̀rọ̀ owó dá a dúró bí ọyún bá ti ń jáde. Ara rẹ̀ ni irin náà wà. Lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́ òótọ́, òun ni ó ni ìpinnu.

Kí olúkúlùkù tí irin wà lára rẹ̀ fọwọ́ kan ojú ibẹ̀ ní alẹ́ òní, kí ó sì wò ó dáadáa. Bí ó bá tutù, tí ó gbẹ, tí kò dùn ún, kí ó sùn ní àlàáfíà, kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ó bá gbóná, tí ó wú, tàbí tí omi ń jáde níbẹ̀, kí ilé ìwòsàn jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí yóò gbà lọ ní òwúrọ̀ ọ̀la.